Ìbọn Ọ̀dà Tó Ń Rọ̀ Bí Òjò: Ìdíje Tàbí Ìrẹ́jẹ?

Òǹkàwé wa kan láti Sùúrùlérè kọ̀wé pé:

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dá tíìmù paintball (eré tí a ti ń fi ìbọn yin ọta ọ̀dà lu ara wa) sílẹ̀, a sì bá tíìmù kan láti Erékùṣù Èkó díje lóṣù tó kọjá. Ìbọn tí wọ́n ń yá ni ní pápá ni àwa lò, èyí tó jẹ́ pé bí o bá fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta ọ̀dà kan ló máa jáde. Àwọn kan nínú wọn mú ìbọn oníbátìrì tiwọn wá láti ilé, ṣe ni ọta ń rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Kí n tó gbé ọwọ́ sókè pé ó ti bà mí, ojú ibi mẹ́fà ló ti lé sí mi lẹ́yìn. Nígbà tí a fẹjọ́ sùn, rẹfirí ní òfin kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ìbọn tirẹ̀ wá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ṣé kò sì léwu?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ewu, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Eré tí ọta ń sá ló ń pinnu bí ọta kọ̀ọ̀kan ṣe máa dunni tó. Ọta kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 3, òfin tó wọ́pọ̀ káàkiri àgbáyé sì ni pé kò gbọdọ̀ sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 280 ni ọ̀pọ̀ pápá fi í sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè kéré lójú, ṣùgbọ́n agbára tí ọta fi ń bani máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọta fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pápá, kí wọ́n sì yin ọta bíi mélòó kan tẹ̀léra síwájú rẹ̀ láti inú ìbọn kọ̀ọ̀kan, torí ìbọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọta àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń pa òfin mọ́.

Ohun tí ìyára ìbọn wá ń fi kún un ni àwọn ọta tó ń tẹ̀lé àkọ́kọ́. Ẹni tí ọta bà nílò àkókò díẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n lára, kí ó sì gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó ń yìnbọn náà nílò àkókò kí ó tó rí ọwọ́ náà, kí ó sì tú tírígà sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ju ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ìbọn tó ń tu ọta 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti fi 5 mìíràn ránṣẹ́. Nítorí náà, ojú ibi mẹ́fà tí ẹ kà kò yà mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sì túmọ̀ sí pé ẹni náà fẹ́ ṣe yín léṣe.

Ojú ni ewu tó ga jù wà, pàápàá ní ìlú bíi Èkó. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí èémí bo gíláàsì ìbòjú, ẹni tí kò bá sì ríran mọ́ á fẹ́ ṣí i sókè kí ó fi ìka nù ún, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn lọ́wọ́. Ọta kan ṣoṣo lè fọ́ ojú tí kò ní ìbòjú pátápátá. Bí ìbọn ọlọ́ta kọ̀ọ̀kan bá ni wọ́n kọ sí i, ó ṣeé ṣe kí ọta náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń tu 10, oríire ni yóò kù. (Ọ̀rinrin yìí kan náà máa ń ba ọta jẹ́. Gelatin ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣí àpò rẹ̀ sílẹ̀ lákòókò òjò, á fa omi, á wú, á sì máa fọ́ sínú ìbọn.)

Ní ti ìrẹ́jẹ, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981, àwọn ènìyàn 12 ló ṣe é nínú igbó, ìbọn tí wọ́n fi ń sàmì sára igi àti màlúù ni wọ́n sì lò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kì í fún ọta kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì borí lọ́jọ́ náà kó àwọn àsíá tí wọ́n jọ ń dù jọ láìyìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni ìbọn oníbátìrì dé, èyí tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù kékeré kan, bí irú èyí tó wà nínú fóònù, ló ń pàṣẹ fún un, bí bọ́ọ̀dù sì ṣe dé ni wàyó tẹ̀lé e. Òfin ní kí ọta kan jáde fún ìfà kan, ṣùgbọ́n ènìyàn lè tò ó sínú bọ́ọ̀dù pé kí ìfà kan di ọta mẹ́ta nígbà tí eré bá gbóná, kí ìbọn sì di ọmọ jẹ́jẹ́ nígbà tí rẹfirí bá gbà á láti dán an wò.

Nígbà tí àwọn alábòójútó rí i pé ojú lásán kò lè mú irú olè bẹ́ẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní kí bọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn máa ran ìka lọ́wọ́ ní gbangba, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa tírígà léraléra, kí ó sáà má ti kọjá iye kan. Nígbà kan, iye náà jẹ́ 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú àwọn ìdíje ńlá Amẹ́ríkà. Wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé díẹ̀ ló fi ju 10 lọ nínú ìdíje NXL (National Xball League, líìgì paintball ńlá kan ní Amẹ́ríkà) báyìí. NXL náà tún ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún ìbọn tí kò ní bátìrì rárá, ohun tó dára gan-an lójú tèmi.

Ẹ rí i pé ìyára tí gbogbo ènìyàn jọ ní, tí wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí, kò ní àbùkù. Èyí tí wọ́n ṣe fún yín ló ní. Alábòójútó pápá ni mo sì dá lẹ́bi ju àwọn ará Erékùṣù lọ, nítorí ẹni tó ń gba owó ìdíje ló yẹ kó ti mọ̀ pé ìbọn àyálò àti ìbọn oníbátìrì kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí a má tíì sọ ti owó: páálí ọta kan máa ń gba 2,000, ìbọn tó ń tu 10 sì lè jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Ta ló fẹ́ máa ra ìyẹn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá?

Bí ẹ bá tún fẹ́ pàdé wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ọta kan fún ìfà kan ni fún tọ̀túntòsì. Ìbọn oníbátìrì náà ṣeé tò bẹ́ẹ̀. Kí rẹfirí wá gba ìbọn kọ̀ọ̀kan, kí ó fa tírígà, kí ó sì rọra máa yọ ìka kúrò lára rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣe wàyó sí á tu ọta méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ìka ti ń gbọ̀n yẹn.

Ìyá kan láti Èbúté Mẹ́tà náà béèrè pé:

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, fẹ́ bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ ṣe eré yìí. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kó lọ, mà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ìbòjú tí wọ́n máa fún un wò fúnra yín. Ó yẹ kí ó bo ojú, ẹnu àti etí, kí wọ́n sì tẹ ASTM F1776, àmì òdiwọ̀n ààbò fún ìbòjú paintball, sí i lára. Gọ́gù àwọn alurinmọ́rin kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ìbọn àyálò nìkan ni gbogbo àwọn ọmọ máa lò. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé bí èémí bá bo gíláàsì rẹ̀, kí ó fi ìbòjú sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó ké pe rẹfirí, kí wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde kúrò ní pápá kí ó tó nù ún.