Kí ni ìtumọ̀ Oviraptor, ṣé olè ẹyin ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Wọ́n ní dáínósọ̀ kan wà tó jọ ẹyẹ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ olè ẹyin. Kí ni orúkọ náà túmọ̀ sí gan-an, ṣé ẹranko náà sì ń jalè?

Ìdáhùn: Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Oviraptor philoceratops. Nínú èdè Látìn, ovum ni ẹyin, raptor sì ni ẹni tí ń já nǹkan gbà. Philoceratops wá láti èdè Gíríìkì, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn àwọn oníwo-lójú. Olè tó fẹ́ràn ẹyin àwọn oníwo-lójú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀sùn ni orúkọ yìí, ẹ̀rí tí wọ́n fi kàn án kò sì dúró.

Ní 1923, ikọ̀ American Museum of Natural History ti New York, tí Roy Chapman Andrews ṣáájú, ń wa eegun ní Bayanzag, nínú aṣálẹ̀ Gobi ní Mòǹgólíà. George Olsen rí eegun dáínósọ̀ kékeré kan lórí ẹyin, iyanrìn tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ló là wọ́n láàárín. Eegun Protoceratops, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn oníwo-lójú, ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí náà wọ́n gbà pé òun ló ni ẹyin. Èyí tó kú sórí ẹyin wá di olè. Henry Fairfield Osborn, onímọ̀ nípa eegun ẹranko àtijọ́, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1924. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìwé tó fi sọ ọ́ lórúkọ pé orúkọ yìí lè ṣini lọ́nà nípa oúnjẹ ẹranko náà, àmọ́ orúkọ ló tàn kálẹ̀, ìkìlọ̀ kò tàn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wò sọ eléyìí.

Ó tó nǹkan bí 70 ọdún kí ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ní 1993, ní Ukhaa Tolgod, nínú Gobi kan náà, Mark Norell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú ẹyin yẹn tí eegun ọlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìdílé Oviraptor ni ọlẹ̀ náà, kì í ṣe ọmọ Protoceratops. Ní 1995 wọ́n kọ nípa àgbà kan tó kú nígbà tó ń sàba. Citipati ni wọ́n wá sọ irú rẹ̀ ní 2001, ẹbí Oviraptor tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 ọdún sẹ́yìn.

Ìjókòó Citipati yìí ló yẹ ká wò dáadáa. Ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí àárín ìtẹ́, ó sì na apá yí ẹyin ká. Àwọn ẹyin náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18, méjì-méjì ni wọ́n sì tò wọ́n, ní òbírí-òbírí, tí àárín ṣófo. Méjì-méjì yẹn fi hàn pé ọ̀nà ẹyin méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú abo rẹ̀; nínú ọ̀pọ̀ ẹyẹ òde òní, ti apá òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àárín tó ṣófo ni àgbà ń gbé ara lé. Bí ó bá gbé gbogbo ara lé ẹyin, èèpo á fọ́. Nínú àwọn ẹbí rẹ̀ tó tóbi jù, àyè àárín náà ń fẹ̀ sí i.

Iyanrìn Gobi kò pa ìyẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Caudipteryx, ẹbí wọn àtijọ́ láti Liaoning ní Ṣáínà, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1998, ní ìyẹ́ gígùn lápá àti nírù. Lójú tèmi, apá tó nà bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹ́ kò lè bo ẹyin kankan.

Ní Ganzhou, ní Ṣáínà bákan náà, wọ́n tún rí àgbà kan láti ìdílé Oviraptor lórí ẹyin tó tó 24 ó kéré tán, tí méje nínú wọn ní eegun ọlẹ̀. Àyẹ̀wò èèpo àti eegun fi hàn pé ooru tó tó 30 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi dàgbà, ooru ara ẹni tó ń sàba. Àwọn ọlẹ̀ náà kò dàgbà dọ́gba, nítorí náà ó jọ pé àwọn ẹyin náà ò ní pa lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti oúnjẹ, Oviraptor kò ní eyín lẹ́nu, àgógó ló ní. Eegun alángbá wà nínú òkú tí wọ́n rí ní 1923, ìyẹn sì jẹ́ kó jọ pé ó ń jẹ ẹran kékeré. Ẹyin tí wọ́n torí rẹ̀ pè é ní olè, ẹyin ìdílé rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí wọn ò yí orúkọ náà padà? Òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde bó ṣe yẹ ló ń dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ ìbáà má bá ẹranko náà mu. Nítorí náà, ẹ máa kọ Oviraptor bó ṣe wà. Àwòrán tó yẹ kí ẹ yẹra fún ni èyí tó gbé ẹyin sẹ́nu, tí kò sì ní ìyẹ́ lára. Ó ti pẹ́ tí ìmọ̀ ti kọjá ibẹ̀.