Ṣé Èrè Wà Nídìí Kí A Máa Bá Èèyàn To Kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ kọ̀ǹpútà tò. Èmi ni mo ra ẹ̀yà èyí tí mò ń lò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì tò ó pọ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ méjì to tiwọn, wọ́n sì yìn mí gan-an. Ṣé mo lè fi ṣe iṣẹ́ kejì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, èrè wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí níbi tí o fojú sí.

Bí o bá ní kí o máa ra ẹ̀yà, kí o tò ó, kí o wá fi owó lé e tà, ó máa le fún ọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ra tiwọn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìwọ ń rà. Oníbàárà rẹ náà sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó ti mọ iye tí o ra ọjà kó tó pè ọ́. Owó ọjà yìí kì í tún dúró sójú kan. Ní 2021, ojú làwọn èèyàn fi ń rí graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, torí àwọn tó ń fi í wa crypto, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí 2025 ń parí lọ, RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló gbówó lórí, torí àwọn iléeṣẹ́ AI ń kó o. Ẹni tó bá ti dá iye fún oníbàárà láìgba owó, àpò ara rẹ̀ ló máa fi dí i.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o tà. Ìwọ bá oníbàárà yan ẹ̀yà, kí òun fi owó ara rẹ̀ rà á, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì. Bí ẹ̀yà kan bá kú, òun àti ẹni tó tà á ló máa yanjú ẹ̀.

Kí o tó dá iye owó iṣẹ́, ka wákàtí rẹ dáadáa. Títò nìkan lè má ju wákàtí méjì, mẹ́ta lọ. Fífi Windows sí i ńkọ́? Títún BIOS tò, ètò tó ń jí ẹ̀rọ? MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, tó lè gba gbogbo òru? DDR5, irú RAM tuntun, lè mú kí ojú ẹ̀rọ dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà àkọ́kọ́ tí o bá tàn án. Èmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan nítorí ìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń jẹ ẹran ara ẹni ni lẹ́yìn tí o bá ti gbé ẹ̀rọ fún wọn. Ìwọ ni wọ́n máa pè fún gbogbo nǹkan. Ẹnì kan pè mí lóru pé eré orí ẹ̀rọ òun ń fà bí ìgbín. Mo dé ibẹ̀: ara motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, ló ki wáyà ojú ẹ̀rọ (HDMI) bọ̀ dípò ara graphics card, graphics card olówó ńlá kàn jókòó síbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i: ọgbọ̀n ọjọ́ fún àṣìṣe ọwọ́ rẹ, lẹ́yìn ìyẹn owó ni.

Tèmi ni pé kí o fi àtúnṣe bẹ̀rẹ̀: fífi SSD, ibi ìkópamọ́ tó yára, rọ́pò hard disk, fífi RAM kún un, gbígbọn eruku, fífi thermal paste tuntun, ohun tó ń bá ẹ̀rọ lé ooru, sí i. Kò gba owó ìdókòwò púpọ̀, kì í sì í pẹ́. Àwọn tí o bá bá ṣe é ló máa padà wá ní kí o to tuntun fún wọn.

Wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ oṣù rẹ náà, bóyá wọ́n gbà ọ́ láyè.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì yẹn, ṣé wọ́n san kọ́bọ̀? Bi wọ́n pé èló ni wọn ì bá san ká ní o bèèrè.