Ìpele 3 Kì Í Ṣe Eré

Ìbéèrè: Ìkìlọ̀ ewu kí yìnyín ya lulẹ̀ wà ní ìpele 3 nínú 5. Àná ni yìnyín dá, oòrùn sì ti yọ. Ṣé a lè gun òkè?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàn yín jẹ. Ní ìpele 3, ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo lè já yìnyín lulẹ̀, wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí yìnyín bá rọ̀ ló sì burú jù, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ gbá yìnyín jọ sí. Ẹ yẹra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà ní dígírì 30 sí 45, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí yìnyín bá dún “wúù” lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tó sì là, ẹ padà kíákíá. Kí kálukú gbé ẹ̀rọ ìwánira (tó ń fi àmì tọ́ka ibi tí ẹni tí yìnyín bò wà), ọ̀pá ìwádìí (tí a fi ń gún yìnyín wá a) àti ṣọ́bìrì: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 lábẹ́ yìnyín, ẹ̀mí ò dájú mọ́.