Ramen Ará Japan: Ṣé Mùsùlùmí Lè Sè É Nílé?

Ìbéèrè: Àsàláámù àléékúmù, àfáà. Òkun o. Kábbà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi mú páálí ramen àti ìgò kékeré mirin, omi adùn tí ará Japan fi ń se oúnjẹ, bọ̀ láti Àbújá, àwọn ọmọ sì ti ń retí ọjọ́ tí a máa sè é. Wọ́n ní ọtí wà nínú mirin, àmọ́ pé iná á jó o dànù. Ìkòkò ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ yá lò, Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Wàáléékúmù sàláàm. Arábìnrin wa, ìyẹ̀fun àlìkámà, iyọ̀, omi àti èròjà kan tó bá kánún tan ni wọ́n fi ń ṣe núdùlù ramen. Ìyẹn kò ní wàhálà. Omi ọbẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ yọ mirin kúrò. Ojúlówó rẹ̀ ní ọtí tó ìwọ̀n 14 nínú 100, ó le ju bíà lọ. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa ènìyàn bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Iná kì í sì jó o tán: bí ọbẹ̀ tí wọ́n da ọtí sí bá hó fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí 40 nínú 100 ọtí náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣì ku bíi 25. Ẹ da ìgò yẹn nù, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, títí kan ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Omi ṣíbí ìjẹun kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì kan àti omi òróǹbó wẹ́wẹ́ ẹ̀kán mẹ́ta á ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Omi sóyà (soy sauce) tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ ramen yàtọ̀. Ọtí bíńtín tó ń jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí sóyà ń kan kì í pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà á láyè. Èyí tí wọ́n bá kọ alcohol mọ́ èròjà rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ yí páálí yẹn wò dáadáa. Bí ẹ bá rí tonkotsu, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n hó fi ṣe ọbẹ̀ náà. 豚 ni ará Japan fi ń kọ ẹlẹ́dẹ̀, 돼지 sì ni ti Kòríà. Lard náà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fi dín núdùlù, gbogbo páálí ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ má torí pé òróró inú láílọ́ọ̀nù kékeré tó wà nínú páálí dì funfun ṣèdájọ́, òróró ọ̀pẹ náà máa ń dì. E631, èròjà tó ń mú oúnjẹ dùn, lè ti ara ẹja, ẹran tàbí ohun ọ̀gbìn wá, nọ́ńbà yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Àmì halal bíi ti JAKIM, àjọ ìjọba Màléṣíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Ìsìláámù, ló ń fọkàn ẹni balẹ̀.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ fi páálí náà sílẹ̀ kí ẹ lo sùpágẹ́tì. Ẹ hó egungun adìẹ tí Mùsùlùmí pa, kílò kan, nínú omi lítà 3 pẹ̀lú àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti aáyù, wákàtí 3 lórí iná jẹ́jẹ́. Iná ńlá á jẹ́ kó dàrú. Ẹ se sùpágẹ́tì lọ́tọ̀ nínú omi lítà kan tí ẹ bu báákìn sódà ṣíbí ìmutíì kan sí: òun ló ń jẹ́ kó pọ́n, kó sì máa fà bíi ramen. Ìkòkò náà kò gbọdọ̀ kún ju ìlàjì lọ, torí ìfófòó rẹ̀ máa ń pa iná. Bí sódà bá pọ̀ jù, ẹnu á máa ta bí ọṣẹ. Ẹ má sè é nínú omi ẹran, á ki bí ẹ̀kọ.

Nílẹ̀ Òkun tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé agboolé kan, ọ̀rọ̀ ìkòkò kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Sàábé Abu Tha'laba bi Ànábì léèrè nípa ìkòkò àwọn Oníwèé, ìyẹn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n fi ń se ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní bí wọn ò bá rí òmíràn, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì lò ó. Torí náà, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ pe ìyàwó àbúrò ọkọ yín wá jẹun.

Ànábì kọ̀ kí a máa fẹ́ atẹ́gùn sínú abọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí omi ẹran dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó bù ú lé núdùlù, káwọn ọmọ má baà máa fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi igi méjì jẹ ẹ́ bí ará Japan, kò burú. Bísímílà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú un. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.