Kí o tó wọ eré ayé gbalasa lórí Discord: èsì fún àbúrò wa ní Kétu

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o rí ìkéde kan tí wọ́n fi ń wá eléré fún D&D ayé gbalasa lórí Discord, ètò ìbánisọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì (D&D ni Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí a ń fi ẹnu àti dáìsì ṣe). O ní fóònù kan àti kọ̀ǹpútà àgbéká kan lo ní, Faransé lo fi kàwé, ìkéde náà sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. O wá béèrè bóyá o gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo òfin eré náà tán kí o tó forúkọ sílẹ̀.

Rárá o. Òfin kọ́ ló ń lé èèyàn kúrò nídìí irú eré yìí. Ohun tó ń lé wọn ni pé wọ́n á jókòó, wọ́n á máa retí kí olùdarí, ẹni tó ń darí eré, gbé ìtàn wá bá wọn. Nínú ayé gbalasa, ìtàn kì í wá bá ẹnikẹ́ni nílé. Àwòrán ilẹ̀ kan ló wà, ìlú kan wà lórí rẹ̀, gbogbo ìyókù ṣókùnkùn. Ẹ̀yin eléré lẹ máa sọ pé òkè tó wà lápá àríwá yẹn lẹ fẹ́ lọ, olùdarí á sì lọ pèsè ohun tó wà níbẹ̀. Bí olùdarí kan tó ń jẹ́ Ben Robbins ṣe ṣe tirẹ̀, tó pè ní West Marches, ni ọ̀pọ̀ olùdarí ń wò ṣe: kò sí ọjọ́ tí a yàn títí lọ, kì í ṣe àwọn eléré kan náà ní gbogbo ìgbà, kò sì sí ìtàn kan ṣoṣo tí gbogbo yín ń tọ̀. Bí ìkéde rẹ bá dárúkọ West Marches, mọ̀ pé bí o kò bá kọ ọ́ síta pé o ń lọ síbì kan lọ́jọ́ báyìí, o sì ń wá ẹni mẹ́ta tó máa bá ọ lọ, o lè wà níbẹ̀ fún oṣù kan láìṣeré rárá.

Aago ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí o tó ronú kan idà. Aago tiwa ní orílẹ̀-èdè Benin kì í yí, UTC+1 (wákàtí kan ṣáájú aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni yípo ọdún. Ti Yúróòpù ń yí ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ti Amẹ́ríkà ń yí ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta àti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Nítorí náà, aago 8 alẹ́ ní New York jẹ́ aago 2 òru ní Kétu nígbà òtútù wọn, ó sì jẹ́ aago 1 òru nígbà ooru wọn. Aago 8 alẹ́ ní Paris, aago 8 náà ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, aago 7 ni nígbà ooru. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń kọ EST (aago òtútù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà) láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kódà nígbà tí aago wọn ti di EDT (ti ooru), nítorí náà má ṣe ìṣirò kankan lórí lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Sọ fún olùdarí pé kó fi àmì aago ti Discord fúnra rẹ̀ kọ ọ́, torí pé ìyẹn máa ń yí sí aago ibi tí ẹni tó ń kà á wà. Láàárín oṣù kẹta, nígbà tí Amẹ́ríkà ti yí tí Yúróòpù kò tíì yí, ni èèyàn máa ń pàdánù eré jù, tí kálukú á sì máa bínú sí ẹnì kejì láìnídìí.

Bí o bá fẹ́ ìmọ̀ràn mi, tábìlì Yúróòpù, ìyẹn ẹgbẹ́ eléré tó wà níbẹ̀, ni kí o wá. Ẹni tó ń jí ní aago 2 òru lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kì í pẹ́ tí oorun á fi gbé e lọ nídìí máíkì.

Ọ̀rọ̀ èdè kò le tó bí o ṣe rò, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó ń gbé èèyàn ṣubú. Àwọn òfin pàtàkì D&D, èyí tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ Creative Commons láti oṣù kìíní 2023, ẹ̀dà Faransé rẹ̀ náà sì wà. Kà á ní Faransé kó lè yé ọ, ṣùgbọ́n kọ ìwé ẹ̀dá-ìtàn rẹ (ẹni tí o máa ṣe nínú eré) ní èdè tí tábìlì náà ń sọ. Ohun tí Faransé pè ní CA ni Gẹ̀ẹ́sì pè ní AC (bí ó ṣe ṣòro tó láti gbá ọ), PV ni HP (ìwọ̀n ẹ̀mí), DD ni DC (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé), FOR ni STR (agbára ara), SAG ni WIS (ọgbọ́n). Èyí tó léwu jù ni ìwọ̀n: ìwé Faransé ń fi mítà ka ilẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹsẹ̀ kà á. Mítà 9 ni ẹsẹ̀ 30, ojú kan lórí àwòrán ìjà, ìyẹn àpótí kan, sì ni mítà 1.5 tàbí ẹsẹ̀ 5. Ẹni tó bá kọ 9 sí ibi tí ètò ti ń retí 30, ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ á lè rìn nígbà tí àwọn yòókù ń rin mẹ́fà, tí ìjà á sì parí kó tó dé ibẹ̀. Béèrè pẹ̀lú bóyá òfin 2014 ni wọ́n ń lò tàbí ti 2024, torí pé wọn ò bára mu nínú ọ̀ràn àárẹ̀, àárẹ̀ sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ nínú irú eré yìí.

Ní ti irinṣẹ́, fi ohùn sórí fóònù, fi àwòrán ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà bá já, o ṣì ń gbọ́ wọn, o ṣì lè sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ ń ṣe. Ohùn Discord ń lo kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i, ìyẹn bíi mẹ́gábáìtì 29 ní wákàtí kan fún ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀. Eré wákàtí 4 tí èèyàn ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ju bíi mẹ́gábáìtì 120 lọ. Kámẹ́rà ni ọ̀bàyéjẹ́, pa á, kí o sì sọ ọ́ fún wọn ṣáájú pé o máa pa á. Bí wọ́n bá ń lo Roll20, ojúlé tí wọ́n ń ṣí àwòrán eré sí, àkántì ọ̀fẹ́ tó ọ. Bí ó bá jẹ́ Foundry, ètò mìíràn irú rẹ̀, olùdarí nìkan ló ń sanwó, ìjápọ̀ ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n Foundry kò ṣe é lò lórí fóònù; bí kọ̀ǹpútà rẹ bá sì ti dàgbà, wọ inú ètò rẹ̀ kí o dín agbára àwòrán kù sí ìpele tó kéré jù. Ṣí ìjápọ̀ náà ní ọ̀sán ọjọ́ eré, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń dúró dè ọ́, kí àwọn àwòrán lè ti wọlé.

Máíkì tó ń ṣí nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnì nìkan ni kí o lò. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, kò sí ètò adínariwokù tó lè gbé e mì tán, gbogbo tábìlì ló máa dákẹ́ nítorí tìẹ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ sínú àtẹ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, kí o sì máa ju dáìsì níbẹ̀: /r 1d20+5 (dáìsì olójú 20 kan, kí a fi 5 kún un) fún Roll20, tàbí !r 1d20+5 bí wọ́n bá ní Avrae, bọ́ọ̀tì tó ń ju dáìsì lórí Discord. Nítorí iná tó lè lọ nígbàkigbà, fi àṣẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùdarí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn méjì péré: ‘Bí mo bá já, ẹ̀dá-ìtàn mi wà lẹ́yìn, ó ń wo ẹni tó bá ṣubú sàn. Kò gbọ́dọ̀ dá wọ ilé kankan.’

Ìwé ìbéèrè tí o máa fi wọ eré wá ńkọ́? Olùdarí ń ka ogún irú rẹ̀, ohun tó ń wá ni bóyá wàá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá sọ. Má kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ìran ẹ̀dá-ìtàn rẹ. Irú èyí tó: ‘Mo wà ní UTC+1, aago mi kì í yí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta láti 18:00 dé 23:00 ṣí sílẹ̀ fún mi. Máíkì mi dára. Bí iná bá lọ, mò ń bá a lọ lórí fóònù. Mò ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n màá fẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré. Ẹ̀dá-ìtàn mi jẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ tó ń wá orísun odò kan tó gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.’

Wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ohun tó ń wá wà lójú ilẹ̀, a lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tó fẹ́ gbẹ̀san lára ọba ìlú tí kò sí lórí àwòrán kò ní nǹkan kan ṣe, ó máa jókòó sí ilé ọtí ni. Fún un ní ohun kan tó ń wá, ohun kan tó ń bà á lẹ́rù, àti ẹni méjì tó mọ̀ nínú ìlú. Fún agbára rẹ̀, 15, 14, 13, 12, 10, 8 ni kí o pín bí wọn kò bá sọ ọ̀nà mìíràn. Má fi CON (ìfaradà ara) sí 8 rárá. Nígbà ìpàdé àkọ́kọ́ tí kò tíì sí eré, béèrè nípa ìlú ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ tí o mọ Akaba Ìdẹ́nà, ẹnu-bodè Kétu, o mọ ohun tí yàrà àti ẹnu-bodè ń ṣe fún ìlú: ìgbà wo ni wọ́n ń ti tiwọn? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pẹ́ dé? Inú olùdarí á dùn, o sì máa nílò ìdáhùn rẹ̀ láìpẹ́.

Oúnjẹ àti ọ̀nà ló ń pa àwọn tuntun. Àwòrán ilẹ̀ wọn sábà máa ń ní ojú onígun mẹ́fà, ojú kan sì sábà máa ń jẹ́ máìlì 6, ìyẹn bíi kìlómítà 10. Ní ìrìn àárín, máìlì 24 ni òfin 2014 fún yín lóòjọ́, ojú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú igbó kìjikìji tàbí àbàtà, ìdajì ni. Wọ́n á rí ilé àlàpà ní ojú mẹ́fà sílùú, wọ́n á ṣírò ọjọ́ kan ààbọ̀ ní àlọ, ọjọ́ kan ààbọ̀ ní àbọ̀, wọ́n á ra oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sì wò ó pé igbó ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni. Ẹni mẹ́rin, oúnjẹ 24, owó fàdákà 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ owó wúrà 12. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìrìn òru dí i, wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìkẹjọ ń béèrè dáìsì CON tó gbọ́dọ̀ dé 11 ní àkọ́kọ́, ó sì ń fi ẹyọ kan gòkè ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kùnà di ẹni tó rẹ̀, ìpele kẹfà àárẹ̀ sì ni ikú. Ọfọ̀ Goodberry lè fún yín ní èso 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó èèyàn kan fún ọjọ́ kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùdarí ayé gbalasa ti gé e kù tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Béèrè kí o tó mú un.

Ẹ máa wo aago ojú ayé pẹ̀lú. Ní irú tábìlì West Marches, ẹ gbọ́dọ̀ ti padà sílùú kí eré tó parí, torí pé ẹlòmíràn lè fẹ́ bá ọ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ku wákàtí kan, kí ẹnì kan la ẹnu sọ ọ́. Jẹ́ ẹni yẹn. Kò sí iṣẹ́ tó ń mú kí wọ́n tún pe ẹni tuntun ju èyí lọ, àyàfi kí o tún jẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán ilẹ̀, tó ń kọ iye oúnjẹ tó kù.

Ìkẹ́yìn, sísá. Kò sí ẹni tó wọn ọ̀tá mọ́ agbára yín níbẹ̀. Wizard (oṣó) ìpele kìíní tí CON rẹ̀ jẹ́ 14 ní HP 8. Lílù ẹ̀ẹ̀kan láti inú kùmọ̀ ogre (òmìrán burúkú) ń gba HP bíi 13. Ẹ fi ẹnu kò ṣáájú pé bí ẹnì kan bá ti ṣubú, ẹ ń sá. Ẹ má dúró di ẹni méjì: nínú ẹni mẹ́rin, bí méjì bá wà nílẹ̀, méjì tó kù ló máa máa fà wọ́n, ìdajì ìrìn ni wọ́n á máa rìn, kò sì ní sí ẹni tó máa dí ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

Kọ ìwé ìbéèrè rẹ, kí o gbé e síbí kí o tó fi ránṣẹ́. Fi aago tí wọ́n kọ sínú ìkéde náà sí i, a ó jọ ṣírò rẹ̀.