Ìbéèrè Yín: Yáàdì Mélòó Ni Kọ́tìnì Pálọ̀ Ń Gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ránṣọ, mo sì fẹ́ fi àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìtòkú rán kọ́tìnì pálọ̀ wa. Fèrèsé náà fẹ̀ ní íǹṣì 48, aṣọ náà sì fẹ̀ ní íǹṣì 45. Èyí tí mo kọ́kọ́ rán sí yàrá fún gbagidi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba. Yáàdì mélòó ni kí n rà?
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdáwọ́lé. Ó jọ pé fèrèsé ni ẹ wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá tí a ó fi kọ́tìnì kọ́ ló yẹ kí á wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà fi íǹṣì 6 kọjá fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, kí aṣọ lè rí ibi kó ara jọ sí nígbà tí ẹ bá ṣí i. Ọ̀pá yín di íǹṣì 60 nìyẹn, aṣọ sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ kí ó tó lè ṣẹ́po dáadáa.

Ẹ ó gé àdìrẹ náà sí mẹ́ta tí gígùn wọn dọ́gba, ẹ ó la ọ̀kan sí méjì lóròó, ẹ ó sì rán ìlàjì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀kan nínú méjì tó kù. Ẹ fi ìlàjì náà sí ìhà ògiri, kí ojú ìsopọ̀ má baà hàn. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 84 láti orí ọ̀pá dé ilẹ̀, ẹ fi 5 kún un fún ojú tí ọ̀pá yóò gbà kọjá lókè, 8 fún ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ tí a ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àti 3 nítorí pé òwú a máa súnkì. Ó di 100. Ọ̀nà mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 300, èyí tó lé díẹ̀ ní yáàdì 8. Ẹ ra 9, kí ẹ sì rà á lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ aláró kan ṣoṣo, nítorí aró ọjọ́ ọ̀tọ̀ kì í sábà bá ara mu.

Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sá a sí ibòòji, ẹ sì lọ̀ ọ́. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń wọ pálọ̀ yín, ẹ fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí oòrùn a máa pa aró. Ẹ̀gbẹ́ kò le: ẹ ṣẹ́ ẹ ní íǹṣì 1 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó rán an.

Ìsàlẹ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má kánjú sí. Ẹ gbé kọ́tìnì kọ́ sórí ọ̀pá di ọjọ́ kejì, kí aṣọ fi ìwúwo ara rẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tó máa dé. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ máa fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ sókè níbi púpọ̀, kí ẹ sì máa fi píìnì há ìṣẹ́tí náà mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti etí aṣọ, nítorí ilẹ̀ ilé tó tẹ́jú délẹ̀délẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nígbà tí píìnì bá ti yí i ká ni kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.