Ṣé kí n gbé jíìpù mi ga?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn Epe ni oko mi wà, ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣeé gbà tójò bá dé. Mo rí Toyota 4Runner tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 1999. Ṣé kí n rà á, kí n sì gbé e ga?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi ti gíga sílẹ̀ ná. Kì í ṣe gbogbo 4Runner ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Wo ẹ̀gbẹ́ jíà, ọ̀pá kékeré kejì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tì í sí 4L (ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀) lórí yanrìn, kó o rí i pé táyà iwájú ń fà lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ abẹ́ ọkọ̀. Fi òòlù lu ṣáṣì, irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró, yíká, àgàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín l'Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń jẹ irin yẹn, àwọn kan á sì fi ọ̀dà dúdú bò ó kí wọ́n tó tà á. Bí òòlù bá wọlé, má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀!

Táyà eléyín ńlá ni kó o kọ́kọ́ náwó lé. Gíga íǹṣì méjì ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ á máa fì ní kọ́nà. Nínú yanrìn, dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí bíi 20 psi lórí géèjì, kó o sì fẹ́ ẹ padà kó o tó gun títì.